Títún Ògiri Ilé Bàbá Ẹni Rẹ́

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè rí ibi wọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń pa lówe, wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ará ilé kan náà kí wọ́n má ṣe tú àṣírí ara wọn fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi ọdún tí ó lé ní ogójì ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, tí ó sì jẹ́ pé ilé àtijọ́ ni mo fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn tún ṣe, etí mìíràn ni mo fi ń gbọ́ òwe náà. N kò tí ì dé iwájú ògiri tí ó lanu rí kí n má bi í léèrè nínú ọkàn mi pé, kí ni ó là ọ́ lẹ́nu? Aláǹgbá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àyè ni ó rí tí ó wọ̀. Ohun tí ó la ògiri ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́ kí aláǹgbá tó dé, ẹni tí kò bá sì wá a rí, tí ó kàn po erùpẹ̀ tí ó fi dí ẹnu ògiri, òun àti ògiri náà yóò tún pàdé.

Ìbàdàn ni mo gbé kọ́ṣẹ́, Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ìlú tí òrùlé páànù rẹ̀ tí ó ti dógùn-ún tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ títí dé ibi tí ojú kò ká a mọ́. Lábẹ́ àwọn páànù wọ̀nyẹn, ògiri amọ̀ pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń kọjá lọ kò lè mọ̀, nítorí pé a ti fi sìmẹ́ǹtì bò wọ́n lójú. Amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó dìde di ààbò, erùpẹ̀ tí ó bo ọba mọ́lẹ̀ ní ààfin tí ó sì bo ìwọ̀fà mọ́lẹ̀ ní abà, a-gba-òjò-má-sá, a-gba-oòrùn-má-làágùn-sílé: ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀ kí a tó gbé ọwọ́ lé e, nítorí pé ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé láyé àtijọ́. Wọn á wa ilẹ̀ pupa ní ẹ̀yìnkùlé tàbí ní etí ìlú, wọn á bu omi lé e, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n wá ṣe ọ̀wẹ̀ á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa fà. Wọn á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè rà, wọn á tún un tẹ̀, kí wọ́n tó máa sù ú ní ìṣù-ìṣù, kí wọ́n máa jù ú sókè sọ́wọ́ mọlémọlé tí ó dúró lórí ògiri. Ìpele kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, bí wọ́n bá sì ti mọ ọ́n yí ilé po tán, ọwọ́ dúró nìyẹn, ó di ìgbà tí oòrùn bá mú un gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele mìíràn lé e. Ìdí ògiri tí a mọ báyìí a máa nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan nígbà mìíràn. Oòrùn á pa á láti òwúrọ̀, ooru á máa wọ́ bọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí arìnrìn-àjò tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, ó sì lè gbà á tó wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọjú sínú yàrá; nígbà tí yóò bá fi yọjú, ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe ní ibi.

Ṣùgbọ́n ògiri kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Lókè yàrá ni àjà wà, igi tí a tò, tí a sì tẹ́ amọ̀ lé lórí, tí ó jẹ́ pé bí iná tilẹ̀ ran òrùlé tí a fi bẹẹrẹ tàbí ewé gbódógì bò, ẹrù inú yàrá lè bọ́ nínú rẹ̀. Àjà yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ooru òkè sọ̀kalẹ̀ bá ẹni tí ó sùn. Níwájú ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, tí òrùlé rẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kò fi ń rí ara ògiri nà, tí oòrùn ọ̀sán kò sì ń rí i pa. Ní ọdọọdún, àwọn obìnrin ilé a máa po amọ̀ kíkúnná mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a fi ọwọ́ rẹ́ ògiri, wọn a fi pa ilẹ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí igi irúgbá gbé pọ̀, wọn a sì máa rẹ èèpo èso rẹ̀ sínú omi, omi dúdú yìí ni wọ́n ń wọ́n sára ìrẹ́lé kí ó lè le, kí òjò má sì tètè fọ̀ ọ́ lọ. Ògiri, àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ọwọ́ tí ń rẹ́ ilé: ààrò mẹ́ta ni àwọn ìṣáájú, ọwọ́ obìnrin wọ̀nyẹn ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ ó dànù.

Sìmẹ́ǹtì dé. Ọkọ̀ òkun ni ó kọ́kọ́ ń kó o wá láti ìlú Òyìnbó, olówó ni ó sì ń rà á. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti Ewékoro ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, láti ìgbà náà wá ni ó ti ń di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ń tó. Mo fẹ́ kí ohun tí mo ń wí yìí yé ni dáadáa: n kò bá sìmẹ́ǹtì jà. Òun ni mo fi bọ́ ọmọ, òun ni mo fi kọ́ ilé tí èmi pàápàá ń gbé. Ìtìjú tí ó bá a wọ ìlú ni mo ń bá jà. Ó di èébú kí a sọ fún ènìyàn pé ilé alámọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí ó bá sì ti rí owó díẹ̀ ní Èkó, ohun àkọ́kọ́ tí yóò fi ránṣẹ́ sílé ni owó sìmẹ́ǹtì tí wọn yóò fi bo amọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ amọ̀ a máa mí. Nígbà òjò, a máa fa ọ̀rinrin ilẹ̀ mu láti ìdí. Nígbà ẹ̀rùn, a máa làágùn rẹ̀ dà sí afẹ́fẹ́. Bí ó ti ń mu ni ó ń wú díẹ̀, bí ó ti ń gbẹ ni ó ń súnkì. Sìmẹ́ǹtì tí ó ti gan kò mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀, ó dúró gbagidi síbi tí a fi í sí. Nígbà tí a bá wá fi ọ̀kan bo èkejì, ọ̀rinrin tí ó ń bọ̀ wá jáde á bá ilẹ̀kùn ní títì, á kó jọ sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, amọ̀ á máa rọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Iyọ̀ ilẹ̀ tí ó bá omi gòkè á gbẹ síbẹ̀, á di ìyẹ̀fun funfun tí ó ń ti erùpẹ̀ kúrò lára erùpẹ̀. Ikán tí kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ á rí ọ̀nà tútù tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, á gba ibẹ̀ gòkè lọ jẹ igi àjà. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹni tí ó wà ní ìta á máa yìn ín pé ilé ń dán, nígbà tí ilé ti ń jẹrà nínú.

Ẹnì kan kọ́ ni ó sọ èyí fún mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ní ọdún 1974, nígbà tí n kò tí ì pé ọdún méjì tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, wọ́n pè mí sí ilé kan nítòsí òkè Màpó, ilé tí bàbá ọkọ ìyá àgbà kan mọ. Àwọn ọmọ ìyá yìí fẹ́ ṣe ìrántí bàbá wọn, wọ́n sì fẹ́ kí ilé bá ojú àlejò mu. Wọ́n ní kí n wó àjà amọ̀ kí yàrá lè ga, kí n gé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò kí iwájú ilé lè hàn, kí n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo fi àáké ṣá ara ògiri kí sìmẹ́ǹtì lè dì í mú, mo po sìmẹ́ǹtì kan mọ́ iyanrìn mẹ́rin nítorí kí iṣẹ́ mi lè le koko, mo rẹ́ ẹ títí ó fi dán bí ẹyin. Gbogbo àdúgbò ni ó kí mi kú iṣẹ́. Ìyá àgbà nìkan ni ó dákẹ́, nígbà tí mo sì bi í pé, 'Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?' ohun tí ó wí ni pé, 'Ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò lè sùn ọ̀sán níbẹ̀ mọ́.' Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo gba owó mi, mo lọ.

Òjò ọdún kẹta ni ó mú mi padà. Ògiri tí ó kọjú sí gọ́tà ti wú síta bí ikùn aboyún, ní òru ọjọ́ kan, ó sì ya lulẹ̀ ní abala kan tí ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ tí ó dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sí ẹni tí ó wà nítòsí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, tí mo dọ̀bálẹ̀ tí n kò mọ ohun tí mo lè wí, ìyá kò bú mi. Ó bu díẹ̀ nínú amọ̀ tí ó wó, ó fún un ní ojú mi, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, 'Bàbá ọkọ mi kò fi omi sínú ògiri yìí nígbà tí ó mọ ọ́n, gbígbẹ ni mo bá a nígbà tí mo wọlé yìí ní ìyàwó. Níbo ni omi ti wá?'

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ògiri àtijọ́, inú ìbéèrè yẹn ni mo ti rí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Sísán ògiri ni lápálápá, omi ni ẹ̀tẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọ ògiri: ó lè ti òkè wá, láti ojú ìṣó páànù tí ó ti jẹ, ó lè ti ẹ̀gbẹ́ wá, láti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí ń já lu ilẹ̀ tí ó sì ń ta sí ìdí ilé, ó sì lè ti ìsàlẹ̀ wá, nígbà tí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ilẹ̀ inú lọ nítorí erùpẹ̀ tí àgbàrá ń wọ́ kó jọ. Ní ilé ìyá yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bá, èmi gan-an ni mo sì fa ìkejì, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń já sí ibi ẹsẹ̀ ògiri gan-an. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ògiri, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo wa erùpẹ̀ ìdí ilé kúrò títí ó fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ, mo mú kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síta kí omi lè máa sá fún ilé, mo kó gọ́tà, mo sì fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ inú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti ń jẹ́ ọba. Mo pààrọ̀ páànù, mo dá òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà mo fi ilé sílẹ̀ kí ẹ̀rùn lè bá a ṣe é, nítorí ìgbà ara là á búra: ẹni tí ó bá rẹ́ ògiri tútù, omi ni ó há mọ́lé.

Nígbà tí ó gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ìka méjì ni mo máa ń ká, oríkèé wọn ni mo fi ń kan ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí mo bá sì ti ń kàn án ni mo ń tẹ́tí. Ibi tí ìrẹ́lé bá ti dì mọ́ ògiri á dáhùn kíkì, bí ìgbà tí a bá lu odó. Ibi tí ó bá ti ṣí kúrò á dún bí igbá òfìfo. Mo fi ẹfun fa ìlà yí ibi òfìfo ká, ibẹ̀ nìkan ni mo sì ṣí. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀: bí a bá fi òòlù ńlá gbá a, èyí tí ó dára yóò bá èyí tí kò dára lọ. Sísán tí ó jinlẹ̀ náà ni ìdánwò tirẹ̀. Mo máa ń fi amọ̀ tí ó tó àtàǹpàkò lẹ̀ ẹ́ lójú, kí ó dúró láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò. Bí amọ̀ náà bá là, ògiri ṣì ń rìn, ìpìlẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lọ wò. Bí kò bá là, ọgbẹ́ àtijọ́ ni, a lè dí i.

Ní ti ohun tí a ó fi dí i, n kò lọ jìnnà. Amọ̀ tí ó wó lára ògiri náà ni mo kó jọ, mo fọ́ ọ, mo sẹ́ ẹ, mo rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méje. Mo fi iyanrìn kún un, mo sì gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, nítorí pé iyanrìn kì í jẹ́ kí amọ̀ súnkì jù, koríko a máa dì í mú bí okùn inú aṣọ, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú koríko náà a sì máa dá ooru dúró. Iye iyanrìn kò ní òfin kan, ilẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ tirẹ̀. Mo máa ń sù ú bí òkèlè iyán ńlá, mo máa ń jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, kí n tó jù ú sílẹ̀ láti gíga èjìká: èyí tí ó bá fọ́ túútúú, iyanrìn ti pọ̀ jù, èyí tí ó bá tẹ́ pẹlẹbẹ tí kò là rárá, amọ̀ ti pọ̀ jù, èyí tí ó bá là sí ọ̀nà méjì mẹ́ta, òun ni mo ń wá. Lẹ́yìn èyí, mo wọ́n omi sí ojú ọgbẹ́, nítorí pé ògiri gbígbẹ a máa fa omi ìrẹ́lé mu kí ó tó dì. Ìṣù àkọ́kọ́, jíjù ni mo jù ú mọ́ ògiri gbà, kí ó lè wọ inú rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e, ọwọ́ ni mo fi tẹ́ ẹ, kò sì nípọn ju ìka kan lọ, mo sì ń dúró kí ọ̀kan gbẹ kí n tó gbé òmíràn lé e, gẹ́gẹ́ bí àwọn mọlémọlé ti ń dúró. Mo ta ẹní bò ó kí oòrùn má bàa mú un gbẹ lójijì. Ìyá ni ó kọ́ mi ní èyí tí ó kẹ́yìn, ìrẹ́lé kíkúnná ti ìgbẹ́ màlúù, tí n kò kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, nítorí pé iṣẹ́ obìnrin ni wọ́n kà á sí. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń sọ pé, 'Fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é, má fi irin ṣe é. Yí i bí ẹni tí ń fi orí pa ọmọ lára.'

Lẹ́yìn ògiri, ó ku ooru. Páànù kò dà bí bẹẹrẹ. Oòrùn kò tí ì gun orí tán tí páànù ti ń sọ ooru rẹ̀ sílẹ̀ sínú yàrá. Mo tún àjà ṣe, mo fi ọparun tò ó, mo tẹ́ ẹní lé e, mo sì da amọ̀ tí ó ní koríko púpọ̀ sí i lórí. Mo fi àyè sílẹ̀ ní etí òrùlé ní ọ̀tún àti ní òsì, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ààrin páànù àti àjà kọjá, kí ó máa kó ooru lọ kí ó tó bá ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ògiri tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa jù, ẹfun ni mo fi kùn ún, nítorí funfun a máa dá ìtànṣán padà. N kò ra nǹkan kan ní ọjà ju ìṣó, páànù àti sìmẹ́ǹtì inú gọ́tà lọ. Ohun tí ó ń mú ilé tutù ti wà nínú ilé náà tẹ́lẹ̀, àwa ni a wó o.

Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó ń tijú amọ̀. Ìlú kan wà ní Mali tí wọ́n ń pè ní Djenné, mọ́ṣáláṣí amọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1907, gbogbo ìlú, tọmọdé tàgbà, ni ó máa ń jáde lọ́dọọdún láti fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Wọn kì í tijú rẹ̀, ọdún ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní tiwa, Ìlójò Bar ní Èkó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì kéde ní ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, wíwó ni wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Òjò kọ́ ni ó wó o, ikán kọ́ ni ó jẹ ẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni ìrì ń wó, èyí tí àwọn baba wa fi òógùn mọ, ọwọ́ wa ni ó ń wó o.

Nígbà tí mo padà lọ wo ilé ìyá àgbà ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé àtúnṣe náà, ọ̀sán gangan ni. Inú yàrá ni mo bá a, ó na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò dìde, kò sì yìn mí. Ó kàn sún díẹ̀ kí n lè rí ibi fi ẹ̀yìn tì. Mo jókòó tì í, ògiri sì tutù mọ́ mi lẹ́yìn nínú aṣọ iṣẹ́ tí òógùn ti rin.

Ìyá ti lọ sí ọ̀run tipẹ́, ògiri náà ṣì wà, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá dé ọ̀dọ̀ mi, n kì í kọ́kọ́ fún un ní irinṣẹ́. Mo máa ń dúró de òjò. Nígbà tí ó bá ń rọ̀ gan-an, tí àwọn ẹlòmíràn ń sá wọlé, mo máa ń mú un jáde lọ dúró níwájú ilé tí a fẹ́ tún ṣe, kí ó wo ọ̀nà tí omi ń gbà.